Backup Wà, Fíìmù Ò Sí: Bí Toy Story 2 Ṣe Fẹ́ẹ̀ Parẹ́

Lónìí, mo fẹ́ sọ ìtàn backup kan tó já àwọn tó ni ín kulẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò ṣe backup o. Wọ́n ń ṣe é. Wọn ò kàn ṣí i wò rí ni.

Ọdún 1998 ni, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ Pixar ń ṣe Toy Story 2 lọ́wọ́. Ẹnì kan wá tẹ àṣẹ "rm -rf" sórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ tó máa ń pa gbogbo ohun tó bá nínú fódà rẹ́ láì béèrè pé ṣé ó dá èèyàn lójú. Oren Jacob, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fíìmù náà, ń wo fódà Woody lọ́wọ́. Fìlà Woody lọ. Bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, Woody fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Wọ́n sáré pe àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé kí wọ́n fa wáyà yọ, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nǹkan bí 90% fíìmù náà ti lọ.

Ọkàn wọn ṣì balẹ̀, torí backup wà. Wọ́n dá a padà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fìrì, iṣẹ́ sì ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àbùkù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú àwọn fáìlì náà. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ó ti tó bí oṣù kan tí backup náà ti ń kùnà. Iṣẹ́ wọn ti tóbi ju 4GB tí ètò náà lè gbà, ibi tó sì yẹ kí ìkìlọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí náà ti kún. Ìkìlọ̀ ò jáde, wọ́n rò pé àlàáfíà ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn wọ̀nyí da omi síwájú lóòótọ́, agbè ló lu.

Níbi tí wọ́n ti ń ronú ni Galyn Susman, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ fíìmù náà, ti rántí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹ̀dà fíìmù náà níbẹ̀. Òun àti Jacob wọ mọ́tò lọ gbé e. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n rọra wà á dé ọ́fíìsì. Ẹ̀dà náà ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Àwọn òṣìṣẹ́ wá jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, wọ́n ń fi ojú ara wọn yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ṣì tún ìtàn náà kọ lẹ́yìn náà, àmọ́ fíìmù jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1999.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, níbi tí àwọn olùkọ́ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, pa dátà rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Ọ̀nà 5 ni wọ́n ní fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ ṣe ní wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n.

Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ tuntun ló gba Pixar, iṣẹ́ mìíràn ló gba GitLab. Oríire ni méjèèjì, èmi ò sì lè fi oríire ṣe ètò. Àmì tó ń sọ lórí fóònù yín pé backup ti parí, ìlérí lásán ni. Lálẹ́ òní, ẹ mú fọ́tò kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíì. Bó bá ṣí, ẹ ní backup. Bí kò bá ṣí, ẹ dúpẹ́ pé òní lẹ mọ̀.