Johnny Smythe, Atọ́nà Ọkọ̀ Òfuurufú Ajubọ́ǹbù

Títí di oṣù kẹwàá 1939, òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun láyè láti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ló ṣí ìlẹ̀kùn náà. Lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé ni Johnny Smythe, tí wọ́n bí ní Freetown ní 1915. Iṣẹ́ atọ́nà ni wọ́n yàn fún un. Ènìyàn méje ni ọkọ̀ Stirling sábà máa ń gbé. Bí atọ́nà bá ṣi ìṣirò, gbogbo wọn ló ṣìnà. Ẹni tí òfin ìṣáájú ì bá lé padà ni ẹ̀mí àwọn yòókù wá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ náà lulẹ̀ ní Jámánì. Smythe fara gbọgbẹ́, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Barth títí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi tú wọn sílẹ̀ ní 1945. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lé ní 55,000 kò padà wálé mọ́. Ní 1948, ó bá ọkọ̀ ojú omi Windrush rìn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ìmọ̀ òfin, tó sì di agbẹjọ́rò àgbà ní Sierra Leone. Ó kú ní 1996. Kì í ṣe ọgbọ́n ni irú wọn ṣaláìní ṣáájú 1939. Àyè ni wọn kò rí.