Ẹ̀tọ́ Ìkọ̀ nínú Ìpinnu Àjùmọ̀ṣe: Àyẹ̀wò láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Ìkìrun

Ohun tí a pè ní ẹ̀tọ́ ìkọ̀ níhìn-ín ni agbára tí ẹnì kan tàbí àwọn díẹ̀ ní láti dá ìpinnu dúró. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ọwọ́ àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó wà. Aláàfin tí wọ́n bá kọ̀, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọ́n ń gbé fún un, ikú ni ó sì kàn. Wọ́n dá ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ láti dènà ìwà ìkà ọba. Ṣùgbọ́n igbá òfìfo kì í sọ ìdí. Àlàfo yìí ni Baṣọ̀run Gáà gbà wọlé. Láti nǹkan bí ọdún 1754 ni ó ti ń mú ọba kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó lè bi í léèrè títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774.

Ẹ̀tọ́ náà kò parẹ́, ọwọ́ ni ó yí padà. Òfin oyè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1957 fi yíyan ọba sílẹ̀ fún àwọn afọbajẹ, ó sì fún ìjọba ní agbára láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó wọ́gi lé e. Irú ètò yìí ni ó de ọba Ìkìrun, ti Ìnísà àti ti Òkukù.

Ìkìrun ni ọ̀ràn náà ti hàn gedegbe. Akìnrun Rauf Adédèjì wàjà ní ọdún 2021. Ìjọba Oyètọ́lá fọwọ́ sí arọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022, ìlú sì gbóná. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba Adélékè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dá oyè náà dúró, pẹ̀lú ti Ìrẹ́ẹ̀ àti ti Ìgbájọ, ó ní kí ààfin ṣófo títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Ìdí tí ó sọ ni pé kí ìlú má baà dàrú. Ìdí gidi ni, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu ará ìlú: ta ni oyè tọ́ sí?

Ó yẹ kí a fi èyí wé àṣà àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láìgba owó. Nínú ẹgbẹ́ Apache, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, ìbò ìkọ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè dá àtúnṣe dúró. Ṣùgbọ́n dandan ni kí ó sọ ìdí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà gan-an. Bí kò bá sọ ọ́, ìbò rẹ̀ di asán. Bí ó bá sì kan gbígbé iṣẹ́ tí ó parí jáde, ẹnì kan kò lè dá a dúró mọ́, èrò àwọn tí ó pọ̀ jù ni ó ń borí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ẹjọ́ ni ẹni tí ìjọba kọ̀ lè lọ láti wádìí ìdí, ẹjọ́ oyè a sì máa pẹ́ débi pé ẹlòmíràn nínú àwọn tí ó pè é kì í gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.