Ta Ni Ì Bá Mú Akeem? Ìtàn Máàkì àti Ọmọ Èkó Kan

Ilé géèmù kan wà lẹ́yìn Adéníji Adélé, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí mo máa ń yà sí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tẹlifíṣàn méjì, bẹ́ǹṣì kan, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo níta. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbá níbẹ̀, àmọ́ àwa mélòó kan wà tó jẹ́ pé básíkẹ́ẹ̀tì ni tiwa. Kì í sì í ṣe ká kàn gbá a nìkan o. Àwa fúnra wa la máa ń kó ẹgbẹ́ jọ: géèmù á fún oníkálukú ní iye owó kan náà, kálukú á wá wá àwọn tó máa rà.

Lọ́jọ́ kan, mo ná gbogbo owó mi sórí àwọn tí máàkì wọn ga jù. Mo ń yọ̀. Ọmọ kékeré kan tó ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló jókòó tì mí, máàkì ẹni tó dára jù lọ nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ kò tó ti ẹni tó kéré jù nínú tèmi. Ọmọ yẹn fi pọ́ìntì 21 nà mí. Mo ní géèmù ló ṣe màgòmágó. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Àbúrò, máàkì lo rà, o ò ra ẹgbẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí wá ni iṣẹ́ máàkì náà?"

Ó ní, "Lọ bi àwọn tó mú Akeem."

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí máàkì jẹ́. Nínú irú géèmù yìí, nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń júwe odidi èèyàn. Àwọn tó ṣe géèmù á wo bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń fò, bó ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, wọ́n á wá pò ó pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni ojú wa máa ń lọ bá. Bẹ́ẹ̀, ẹni méjì lè gba 80 kí wọ́n má jọra rárá: ọ̀kan mọ bọ́ọ̀lù jù, kò lè sáré, èkejì ń sáré bí ẹfúùfù, kò lè jù ú wọlé. Bí ìwọ bá ti ní ẹni mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jù, kí lo fẹ́ fi ẹ̀kẹrin ṣe? Àṣìṣe tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn márààrún tí mo rà ló fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ tàwọn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó máa dúró lẹ́nu agbọ̀n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìtàn.

Oṣù Kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí Akeem Ọlájùwọ́n ní Èkó. Òwò sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers' College, háńdì-bọ́ọ̀lù ló ń gbá, ó sì tún ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá a láti kékeré, kóòṣì yunifásítì ti ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, àwọn ìwé ìròyìn ti ń tò wọ́n ní ẹni kìíní, ẹni kejì. Akeem kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ kan tí Guy Lewis, kóòṣì Yunifásítì Houston, ní ló rí ọmọ náà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ló bá sọ fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1980, Akeem wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀. Ó fóònù àwọn ará yunifásítì náà, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, mọ́tò ni wọ́n máa fi ń dúró dè é. Takisí tí wọ́n ní kí Akeem wọ̀ yẹn, máàkì tí wọ́n fún un nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé géèmù ti wà nígbà yẹn. Kí ni wọn ì bá kọ síwájú orúkọ rẹ̀? Jíju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè: kò tó nǹkan. Ìrírí: kò sí. Gíga: ó wà. Ẹsẹ̀ yíyá: ó wà dáadáa, torí pé ẹni tó ti ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó ti ń gbá háńdì-bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí wọ́n bá pò ó pọ̀, máàkì tó máa jáde kò ní ju ti ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ. Àmọ́ ẹyin ní í di àkùkọ. Nínú géèmù, wọ́n máa ń kọ máàkì kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́: ibi tí ọmọ yìí lè dé. Òun ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà.

Ọdún àkọ́kọ́, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá, torí pé àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù yunifásítì kò tíì fọwọ́ sí i fún un. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, ní sáà 1981 sí 1982, pọ́ìntì 8.3 ló ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á ní owó takisí ti ṣègbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù ní gbàgede Fonde ní Houston. Agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní NBA lọ́dún 1982 ni Malone, kò sì fi ojú àánú wo ọmọdé. Sáà tó tẹ̀ lé e, pọ́ìntì 13.9. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, 16.8, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ẹlòmíràn dànù lẹ́nu agbọ̀n ju ìgbà márùn-ún lọ nínú ìdíje kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra, 1982, 1983, 1984, ni Houston wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ kìíní rèé: ibi téèyàn lè dé kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Bí kò bá sí Malone, bí kò bá sí ibi tí Akeem ti máa ṣubú tó sì máa dìde, ibi tó lè dé yẹn á kàn wà nínú ìwé ni. Bí o bá fẹ́ ra ọmọ kékeré nínú géèmù, bi ara rẹ pé ta ló máa kọ́ ọ, àti pé ṣé o máa jẹ́ kó wọ pápá.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 1984, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Houston Rockets ló kọ́kọ́ yàn, Akeem ni wọ́n mú. Portland ló ṣìkejì, Sam Bowie ni wọ́n mú. Chicago ló ṣe ìkẹta, Michael Jordan ni wọ́n mú. Láti ìgbà yẹn di òní ni aráyé ti ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Portland ní ẹni tó ń gbá ipò Jordan tẹ́lẹ̀: Clyde Drexler, tí wọ́n mú lọ́dún 1983, tí òun àti Akeem jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston. Ẹni gíga tó máa dúró lẹ́nu agbọ̀n ni wọ́n ń wá. Ìyẹn ni pé wọ́n wo ohun tí ẹgbẹ́ wọn nílò, wọn ò kàn wo máàkì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe!

Kí ló wá bà á jẹ́? Ẹsẹ̀ ni. Bowie ti pàdánù sáà méjì gbáko ní yunifásítì nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ní Portland, ìdíje 139 péré ló gbá ní ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdíje 82 ló wà nínú sáà kan. Igi gaǹgàrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀kọ́ kejì: ohun tí ẹgbẹ́ nílò ṣe pàtàkì, àmọ́ kò gbọdọ̀ bò wá lójú ká má wo ara ẹni tá a fẹ́ mú. Ẹni tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 88 tí kì í lè wọ pápá, òdo ni máàkì rẹ̀.

Ní ti ọmọ Èkó wa, ní sáà tó parí lọ́dún 1994, òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní NBA, òun ni wọ́n pè ní ẹni tó ń dí ọ̀nà jù, òun náà ló gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sáà kan náà. Rockets gba ife lọ́dún yẹn. Lọ́dún 1995, Drexler kúrò ní Portland, ó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Houston. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní apá tiwọn nígbà tí ìdíje ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún gba ife. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni Akeem, tó ti sọ orúkọ ara rẹ̀ di Hakeem lọ́dún 1991, gbá dànù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò tíì sẹ́ni tó bá a níbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ga. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun ò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gíga, tí rúlà lè wọ̀n, ni wọ́n ń bù mọ́, kí la máa wá sọ nípa ọgbọ́n, sùúrù àti ìgboyà?

Mi ò ní ká ju máàkì nù o. Máàkì wúlò. Láìsí i, ojú rere àti "ọmọ ta ni ọ́" la ó máa fi yan èèyàn, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe rí nílùú yìí. Àmọ́ ohun tó ti kọjá ló ń wọ̀n. Ní oṣù Keje 2021, nọ́ńbà wo ni ì bá sọ pé D'Tigers máa na Amẹ́ríkà ní 90 sí 87 ní Las Vegas? Ní Olympics Paris lọ́dún 2024, D'Tigress na Australia, wọ́n na Canada, wọ́n sì di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ géèmù fi ń ká mi lára tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá wọn yan àwọn ọmọdé ní kọ́ọ̀tù kan ní Erékùṣù. Wọ́n fún mi ní bébà: orúkọ ọmọ, máàkì lórí mẹ́wàá. Ọmọkùnrin kan wá láti ẹ̀gbẹ́ Ìdúmọ̀tà, ó ga, sílípáàsì ló wọ̀. Kò mọ bọ́ọ̀lù lù mọ́lẹ̀. Ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò wọlé. Mo kọ 3. Nígbà tó ń lọ ni mo rí i tó fò, tó fọwọ́ kan àwọ̀n lára irin agbọ̀n láìsáré, ó kàn fẹ́ fi ṣeré ni. Bébà mi ò ní àyè fún ìyẹn. Mo fẹ́ pè é padà, ojú ń tì mí, mo jẹ́ kó lọ. Kò wá mọ́. Mo ti bi àwọn ọmọ àdúgbò léèrè, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ó lè má di nǹkan kan nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé takisí ni wọ́n ní kí Akeem wọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó dé. Èmi, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú bírò.

Wọ́n tún pè mí lọ́dún yìí. Mo ní mo máa wá, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo máa fa ìlà bébà mi. Ìlà mẹ́rin ló máa wà níbẹ̀: ohun tó mọ̀ báyìí, ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe, ohun tí ẹgbẹ́ nílò, àti ẹni tó máa kọ́ ọ. Ẹni tí mo bá kọ 3 fún, màá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti ilé géèmù, mo ti padà lọ bá ọmọ oníyúnífọ́ọ̀mù yẹn. Ẹgbẹ́ tí mo kó lọ, kò sí orúkọ ńlá kan níbẹ̀. Ó ṣì nà mí, àmọ́ pọ́ìntì mẹ́rin péré ni.