Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Gìtá Hawaii àti Orísun Gìtá Oníná

Ìfáárà

Ẹni tó bá fetí sí àwo Juju Music tí King Sunny Ade gbé jáde ní ọdún 1982 yóò gbọ́ gìtá kan tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ohùn náà kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn; ńṣe ni ó ń yọ́ lọ, tí ó ń yọ́ bọ̀. Demola Adepoju ni ó ta gìtá náà. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn olórin kọ́ńtírì ti Amẹ́ríkà ni jùjú ti yá a. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ó ti dúró, kò dé ilé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Hawaii ni ilé gìtá yìí, àti pé kì í ṣe òun nìkan: gìtá oníná àkọ́kọ́ tó rí ọjà tà dáadáa, gìtá Hawaii ni.

Ọ̀pá irin Kekuku

Gìtá kì í ṣe ohun àbáláyé ní Hawaii. Àwọn darandaran láti Mẹ́síkò ni wọ́n mú un débẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Ní 1879, àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké láti erékùṣù Madeira ti ilẹ̀ Pọtogí gbé gìtá kékeré tiwọn dé, láti ara rẹ̀ sì ni ukulele ti jáde. Àwọn ará Hawaii kò ta gìtá bí wọ́n ṣe bá a. Wọ́n dẹ okùn rẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé, bí a bá ta gbogbo okùn náà pọ̀ láìtẹ ibì kankan, ohùn wọn yóò bára mu. Kī hōʻalu ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìtagìtá yìí.

Joseph Kekuku, tí a bí ní Lāʻie ní erékùṣù Oʻahu ní 1874, mú un kọjá ibẹ̀. Ní nǹkan bí 1889, nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Kamehameha, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ́ lórí okùn gìtá. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ojú ọ̀nà rélùwéè ni ó ti ṣa irin kan, tí irin náà sì ṣèèṣì kan okùn gìtá tó gbé dání. Àwọn mìíràn a máa dárúkọ Gabriel Davion pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Kekuku ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ṣe é fi kọ́ni. Ó tẹ́ gìtá lé itan, ó gbé okùn rẹ̀ sókè kúrò lára ọrùn gìtá, ó sì ń fi ọ̀pá irin wá ohùn lórí wọn. Àwọn ìlà irin tó wà lọ́rùn gìtá máa ń pín ohùn bí àkàsọ̀. Ọ̀pá irin Kekuku sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àkókò yìí gan-an ni ìlú ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ní 1893, wọ́n gba adé lórí Ọbabìnrin Liliʻuokalani. Ní 1896, òfin sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba erékùṣù náà mọ́ tirẹ̀. Kekuku fi ilé sílẹ̀ ní 1904, ó sì ta gìtá káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nígbà tí ìpàtẹ ọjà àgbáyé wáyé ní San Francisco ní 1915, àwọn olórin Hawaii kọrin fún ọ̀pọ̀ èrò, orin wọn sì gba Amẹ́ríkà kan. Àwọn tó gba ìlú fẹ́ràn orin ìlú tí wọ́n gbà.

Gìtá tó dà bí páànù

Ìṣòro kan wà: ohùn gìtá kò rinlẹ̀ tó láàárín fèrè àti ìlù. George Beauchamp, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta gìtá Hawaii lórí ìtàgé, wá ojútùú sí i ní Los Angeles. Ní 1931, wọ́n fi igi gbẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní 1932, òun àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù rọ ọ́ fún títà. Ara rẹ̀ rí roboto, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì jọ páànù tí a fi ń dín ẹyin. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, Frying Pan. Mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin yí okùn rẹ̀ ká, wáyà tí a ká sábẹ́ okùn sì ń sọ ìgbọ̀n okùn náà di iná tó ń lọ sínú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Kò ní ikùn, kò sì tóbi. Ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Kí ló dé tó jẹ́ gìtá Hawaii ni iná kọ́kọ́ wọ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, òun ni ayé ń fẹ́ nígbà náà. Ìkejì, orí itan ni ó ń gbé, kò sí ẹni tí yóò gbá a mọ́ àyà, nítorí náà kò pọn dandan kí ó ní ìrísí gìtá. Ìkẹta, bí kò ṣe ní ikùn, ariwo ẹ̀rọ kò lè padà wọ inú rẹ̀ kí ó máa hu. Ó ní àléébù tirẹ̀: ooru iná orí ìtàgé máa ń mú kí alumíníọ̀mù rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì yẹ̀. Beauchamp béèrè fún ẹ̀tọ́ onímọ̀-ẹ̀rọ lórí rẹ̀ ní 1934, ṣùgbọ́n 1937 ni ó tó rí i gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe irú rẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ọdún 1932 tí gìtá náà jáde sọ́jà ni Kekuku kú ní New Jersey.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ẹsẹ̀ àti pẹ́dàlì kún un. Nígbà tí Bud Isaacs ta irú rẹ̀ nínú orin Webb Pierce tó lókìkí ní 1954, ó di ti àwọn olórin kọ́ńtírì. Orúkọ Hawaii sì kúrò lára rẹ̀: «irin» àti «pẹ́dàlì» ló kù.

Dídé rẹ̀ sínú jùjú

Ọ̀nà tí Hawaii gbà wọ inú jùjú ju ẹyọ kan lọ. Ukulele-banjo, tí a so ọrùn ukulele mọ́ ara banjo, ni Ayinde Bakare ń ta kí ó tó bọ́ sórí gìtá oníná ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ọmọ ìyá ni ohun èlò méjèèjì tó pààrọ̀ wọ̀nyí. Gìtá Adepoju ni ìkẹta.

Kí ló mú kí ìkẹta yìí bá jùjú mu tó bẹ́ẹ̀? Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ohùn ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan. Ó tún máa ń yọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Onídùndún a máa fi ọwọ́ kan fún ọṣán, a sì fi kọ̀ǹgọ́ lu ìlù pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kí ohùn lè yọ́ bí ọ̀rọ̀. Onígìtá Hawaii ń fi ọwọ́ kan darí irin, ó ń fi èkejì ta okùn. Gìtá tí a ń tẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Adepoju sì ta gìtá yìí kan náà nínú orin Graceland ti Paul Simon ní 1986, ọwọ́ Yorùbá ni ó gbé ohùn Hawaii padà dé etí Amẹ́ríkà.

Ìkádìí

Kò sí ohun tí èyí gbà lọ́wọ́ Adepoju tàbí Sunny Ade. Ẹni tó yá ohun èlò tí ó sì fi í sọ èdè baba rẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí a bá ń kọ ìtàn jùjú tàbí tí a bá ń to ohun èlò rẹ̀ sínú ìwé, ó yẹ kí orúkọ Hawaii àti ti Kekuku wà níbẹ̀. Àwa náà ń fẹ́ kí ayé rántí pé ilẹ̀ Yorùbá ni ìlù bàtá ti lọ sí Kúbà, pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé ibẹ̀. Ohun tí a ń béèrè fún àwọn baba wa, ẹ̀tọ́ ni kí a ṣe é fún ọmọ Lāʻie.