Ifọ́n Orólú, Ilé Àlà Tí Í Ṣe Ààfin

Ẹni tí ó bá ti Òṣogbo bọ̀, tí ó la Ìlobùú kọjá, ìlú tí Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó wọlẹ̀ di omi, fi ṣe ibùjókòó, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan Ifọ́n Orólú, níbi tí òrìṣà àti ọba ti jọ ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: Olúfọ́n. Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ohun tí àrọ́bá sọ fún wa ni pé Ọbàtálá Alábàláàṣẹ, arúgbó aláṣọ funfun tí í fi ọ̀pá ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tilẹ̀, ni ó ti jọba níbẹ̀ rí, ìtẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọba sì ń gùn títí di òní.

Ní ti kí ààfin àti ilé ìsìn jọ so pọ̀, àwọn ará Scotland náà ní ohun tí ó jọ ọ́. Ní Edinburgh, ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn tí Ọba David Kìíní dá sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà ní 1128 ni ààfin Holyrood ti hù. Ṣùgbọ́n òrùlé ilé ìsìn náà ti wó láti 1768, ògiri lásán ni ó dúró ti ọba. Ti Ifọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí orí èèwọ̀ ni a kọ́ ilé òrìṣà tiwa lé, òjò kò sì lè wó o. Olùsìn Ọbàtálá kì í mu ẹmu, nítorí ẹmu ni ó pa òrìṣà tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì nídìí iṣẹ́ mímọ ènìyàn. A kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá sì gbé ìgbín wá síwájú rẹ̀, ìdí ìkarahun ni a ó fọ́, tí omi yóò máa kán díẹ̀díẹ̀, omi tútù tí kò ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ lára, omi ẹ̀rọ̀, èyí tí ó wù mí tọkàntọkàn kí ó kán sí ààlà Ifọ́n àti Ìlobùú, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn.

Òrìṣà Olúfọ́n yìí náà ni Ifá kìlọ̀ fún pé kí ó má lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí ó sì lọ. Èṣù da epo sí i láṣọ, ó wẹ̀, kò ráhùn. Ó rí ẹṣin ọba tí ó sọnù, ó ní kí òun fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n pè é lólè, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún 7, òjò kọ̀, obìnrin kò bí mọ́, kí Ṣàngó tó mọ ẹni tí ó wà nínú túbú òun, tí ó fi pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn wọ funfun, kí wọ́n pọn omi wá wẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kò gbàgbé. Ní Salvador ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá tí a dá sílẹ̀ ní 1910, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxalufã, àwọn olùsìn a máa tò lọ sídìí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, aṣọ funfun lára, ìkòkò lórí, ẹnu ní dídì, láti pọn omi fún baba arúgbó Ifọ́n.