Ìkẹjà Kì í Ṣe Lẹ́tà: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Àwọn Ìbéèrè Kúìsì Wa

Ìbéèrè kẹtàdínlógún ló pa wá. Mo wà ní SS2 nígbà náà. Àwa mẹ́ta la dúró fún ilé-ìwé wa níbi ìdíje kúìsì kan tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní apá Ìkẹjà. Máàkì méjì péré ló wà láàárín àwa àti ikọ̀ kejì. Ni olùbéèrè bá ní, "Níbo ni orúkọ náà, Ìkẹjà, ti wá?" Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó sáàárín wa ló tẹ agogo. Agége ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ará Ọ̀tà ni ìyá ìyá rẹ̀. Ó ní, "Láti ara Akéja ni, òrìṣà àwọn ará Ọ̀tà." Olùbéèrè wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, ó sì sún ìbéèrè náà sọ́dọ̀ àwọn kejì. Wọ́n ní ìkékúrú "Ikorodu and Epe Joint Administration" ni. Àtẹ́wọ́ ro. Wọ́n gba máàkì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, mo sọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi gan-an. Mo ní kí ló dé tó fi ń fi ìtàn ìyá àgbà dáhùn ìbéèrè tó jẹ́ ti ìwé. Kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, kò bá wa ṣe kúìsì mọ́.

Ohun tó mú mi rántí ọ̀rọ̀ yìí ni pé lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n ní kí n to ìbéèrè fún ìdíje àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì wa. Mo pinnu pé ìpín kan yóò dá lórí Ìkẹjà àti Agége, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ibẹ̀, tí a sì ń gba iwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìbéèrè orúkọ Ìkẹjà ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, mo sì kọ ìdáhùn tó gba ife lọ́wọ́ wa síwájú rẹ̀. Mo wá fẹ́ fi ọdún tí wọ́n dá "Joint Administration" yẹn sílẹ̀ ṣe ìbéèrè kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti daríkodò.

Ìbéèrè kìíní: Níbo ni orúkọ Ìkẹjà ti wá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ètò ìjọba. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ṣàkóso Kólónì Èkó, ẹkùn ọ̀tọ̀ ni Ìkẹjà, ẹkùn ọ̀tọ̀ ni Ẹ̀pẹ́, ẹkùn ọ̀tọ̀ sì ni Àgbádárìgì. Báwo ni orúkọ ẹkùn kan yóò ṣe jẹ́ ìkékúrú orúkọ ẹkùn mìíràn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?

Ẹ tún wo máàpù. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà ní apá ìlà oòrùn, ní etí ọ̀sà. Ìkẹjà wà lórí ilẹ̀ ní ọ̀nà Agége àti Ọ̀tà. Tí ìjọba bá fẹ́ so Ìkòròdú pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́, kí ló máa gbé orúkọ náà wá fún ìlú tí kì í ṣe Ìkòròdú, tí kì í sì í ṣe Ẹ̀pẹ́?

Ẹ wá wo lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ìkòròdú mú méjì, "and" ò mú ẹyọ kan, àwọn tó kù mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti mọ orúkọ tó ń wá ló máa ń pín lẹ́tà báyẹn.

Ìtàn àwọn Àwórì, tí wọ́n tẹ ilẹ̀ náà dó, kò ní wàhálà kankan nínú. Àwọn ni wọ́n ni Ọ̀tà, àwọn náà ni wọ́n ni Ìkẹjà. Akéja jẹ́ òrìṣà ní Ọ̀tà, àwọn tó ṣí wá sì gbé orúkọ náà dání. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ṣe ń jẹ́ orúkọ.

Kí ló wá jẹ́ kí irọ́ náà dùn tó bẹ́ẹ̀? Mo rò pé IBILE ló fà á. Èyí ní tirẹ̀ jẹ́ ìkékúrú tòótọ́: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos Island, Ẹ̀pẹ́, ẹkùn márààrún tí Ìpínlẹ̀ Èkó pín sí. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé lẹ́tà márùn-ún ló di IBILE, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé lẹ́tà ló di Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú IBILE gan-an, Ìkẹjà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkékúrú tòótọ́ ń jẹ́rìí ta ko ti irọ́.

Ìbéèrè kejì: Ta ló kọ́kọ́ gbin kòkó?

Ìdáhùn tí ìwé ẹ̀kọ́ fún wa ni Squiss Ibaningo, tó gbé kòkó wá láti Fernando Po sí Bonny ní 1874. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó gba máàkì. Ṣùgbọ́n Bonny kọ́ ni kòkó tó kọ́ ilé alájà ní Ìbàdàn àti Oǹdó ti wá. Ẹ wá a ní Agége.

Ní nǹkan bí 1880, oníṣòwò Èkó kan, James Pinson Labulo Davies, dá oko kòkó sí Ijan, lágbègbè Agége. Òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria mú bí ọmọ. Òwò rẹ̀ ti wó kó tó yíjú sí oko. Àwọn oníṣòwò Èkó mìíràn tẹ̀ lé e nígbà tí nǹkan ò rọgbọ fún wọn létí òkun mọ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Jacob Kehinde Coker, aṣáájú nínú Ìjọ African Church, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfakọ̀. Ní 1907, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀.

Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ ní àwọn oko yìí wá láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, owó nìkan kọ́ ni wọ́n mú lọ. Wọ́n mú èso kòkó lọ, wọ́n sì mú ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín lọ. Àwọn ará Ìjọ Coker náà sì ń wàásù kòkó bí wọ́n ṣe ń wàásù ìhìnrere. Nígbà tí ọdún 1950 fi máa pé, kòkó ló ń gbọ́ bùkátà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí a ó tún padà sí i.

Ojú irin náà ní ipa tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti Ìdó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Kòkó ń bá a lọ sí ebute, obì gbànja ń bá a lọ sókè Ọya. Ìdí nìyí tí àwọn Hausa oníṣòwò obì fi pọ̀ ní Agége láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kì í ṣe àlejò àná.

Ìbéèrè kẹta: Ta ló bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì Agége?

Orúkọ tí wọ́n máa ń retí ni Amos Shackleford. Ará Jàmáíkà ni, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Èkó ní 1913. Ní 1921, ó bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bútè Mẹ́tta ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kì í ṣe Agége. Ó tọ́ ká sọ pé òun ló sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogboògbò ní Èkó. Àwọn aṣebúrẹ́dì Agége tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ ìlú wọn sí i. Tí ìbéèrè kan bá fún ẹnì kan ṣoṣo ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbéèrè náà ló kùnà, kì í ṣe ẹni tó dáhùn.

Ìbéèrè kẹrin: Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi pọ̀ ní Ìkẹjà?

Wọn kì í sáábà béèrè èyí ní kúìsì, torí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tàbí ọdún kan. Òun ló sì yẹ ká máa béèrè jù.

Ní 1954, òfin tuntun yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, ó sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Ìkẹjà kò bá a lọ, abẹ́ Ìbàdàn ló wà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Pírémíà rẹ̀, lówó kòkó lọ́wọ́, ó sì ń wá ilé-iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ò fẹ́ jìnnà sí ebute Àpápá. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ Ìbàdàn, Ìkẹjà ló dáa jù: ó sún mọ́ Èkó, ojú irin gba ibẹ̀, Agege Motor Road gba ibẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni bàlúù Ọbabìnrin Elizabeth balẹ̀ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní, 1956. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn la ilẹ̀ ibẹ̀, ó fi ọ̀nà, omi àti iná sí i, ó sì pe àwọn oníléeṣẹ́ wá.

Ẹ ka orúkọ òpópónà ibẹ̀, ẹ ó rí ìtàn yìí. Ọba Akran tí òpópónà ńlá yẹn ń jẹ́ ni C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì tó tún jẹ́ mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó bá mọ ìyẹn mọ ẹni tó tẹ àdúgbò náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà sì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ní 1976, ó di olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, owó àgbẹ̀ kòkó wà nínú ìpìlẹ̀ àdúgbò tí àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́. Irúgbìn kan náà tó jáde láti Agége ló padà wá kọ́ Ìkẹjà.

Ìbéèrè karùn-ún: Ilé-iṣẹ́ Guinness wo ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti Ireland àti ti Gẹ̀ẹ́sì?

"Ìkẹjà, 1962." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo ti fi gba máàkì rí. Ṣùgbọ́n Guinness ti pọn ọtí ní Long Island City ní New York kó tó di pé wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 1954. Ti Ìkẹjà ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ìyẹn gan-an sì tó yangàn. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà, "àkọ́kọ́". Òun ni kúìsì fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń dójú ti ènìyàn jù.

Èyí tí kì í sí nínú ìwé ìbéèrè ni èyí tó parí. Dunlop, tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Ọba Akran náà ti kógbá wọlé. Àwọn ọgbà kan ti di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. A mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ju ọjọ́ tí wọ́n tì wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n tì wọ́n ni ọ̀pọ̀ ilé ní Agége rántí.

Ohun tí mo fẹ́ ká máa ṣe

Ẹ̀yin tó ń to ìbéèrè, àti ẹ̀yin àgbà tí a máa ń pè wá ṣe adájọ́, ẹ jẹ́ ká máa dán ìdáhùn wò ká tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ọdún: a kì í bí ọmọ ṣáájú ìyá rẹ̀. Ẹ wo máàpù. Tí ẹ bá rí "àkọ́kọ́", ẹ béèrè pé àkọ́kọ́ níbo. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì fún wa ní ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé wa, ẹ má kàn mi orí. Ẹ bi í pé níbo ló ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti tèmi kò pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó pé tó láti ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé òun ló gbà á. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà ti kú, ìwọ náà mọ̀." Mo ní mo mọ̀. Ó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìbéèrè náà.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, ẹ lè mú un lò: "Òrìṣà Ọ̀tà wo ni ìtàn àwọn Àwórì sọ pé orúkọ Ìkẹjà ti wá? Kí sì ni ẹ̀rí méjì tó fi hàn pé ìkékúrú kọ́ ni?" Máàkì mẹ́ta ni. Ẹyọ kan fún orúkọ òrìṣà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rí.