Ta Ni Ó Di Igbá Mú? Pípẹ́ Lórí Àléfà ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀

Òwe kan wà tí kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Òwe yìí gbà láìsí àníàní pé ọba yóò máa pàárọ̀, àti pé bí ọ̀kan bá ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀ ni ìgbà pẹ̀lú yóò máa yí. Kí wá ni ọmọ Tógò tí a bí ní ìparí ọdún 1967 yóò sọ sí i? Bí a bá yọ oṣù díẹ̀ kúrò nínú ọdún 2005, ọwọ́ baba kan àti ọmọ rẹ̀ ni agbára ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí a bí ní ọdún kan náà ní Bẹ̀nẹ̀, tí ó múlé ti Tógò ní ìlà-oòrùn, ti rí olórí tí ìbọn gbé wọlé, ó ti rí èyí tí ìbò gbé wọlé, ó ti rí èyí tí ìbò lé jáde, ó sì ti rí èyí tí òfin sọ fún pé sáà rẹ̀ parí, tí ó sì lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ lórí àléfà kì í ṣe ti Tógò nìkan. Teodoro Obiang gba ìjọba Equatorial Guinea ní oṣù kẹjọ ọdún 1979. Paul Biya di ààrẹ Kamẹrúùnù ní oṣù kọkànlá ọdún 1982. Ní 2008 wọ́n yọ òdiwọ̀n iye sáà kúrò nínú òfin ilẹ̀ náà, nígbà tí ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí ó ti di ẹni ọdún 92, wọ́n tún kéde pé òun ni ó wọlé. Yoweri Museveni gba ìjọba Ùgáńdà ní oṣù kìíní ọdún 1986. Wọ́n yọ òdiwọ̀n sáà kúrò fún un ní 2005, wọ́n sì yọ òdiwọ̀n ọjọ́ orí kúrò ní 2017. Mo mú Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ láàrin gbogbo wọn nítorí pé àwọn méjèèjì jọ gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1960, àwọn ará wa sì wà nínú àwọn méjèèjì: àwọn Kétu àti àwọn Sábẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn Ifẹ̀ agbègbè Àtàkpàmé ní Tógò. Ohun tí ó mú kí ọ̀nà wọn yà ni mo fẹ́ wádìí.

Àwíjàre kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń gbèjà ààrẹ tí kò fẹ́ lọ. Wọ́n á ní àṣà Áfíríkà ni. Wọ́n á ní ọba kì í fi ìtẹ́ sílẹ̀ láàyè, nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ààrẹ bá jókòó di ọjọ́ ikú. Ó fẹ́ jọ pé èdè wa pàápàá gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ètò ìṣàkóso, ìyẹn ìjọba, láti ara jẹ àti ọba ni ó ti wá: jẹ ọba di jọba, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a dìbò yàn fún ọdún mẹ́rin péré, ọba ṣì wà nínú gbólóhùn wa. Òtítọ́ sì ni pé àwọn ọba wa a máa pẹ́. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wà lórí ìtẹ́ láti ìparí 1970 títí di 2022. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà jọba láti 1960 títí di 2025.

Ṣùgbọ́n àwíjàre yìí fi ohun kan pamọ́. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin kò ní iye ọdún pàtó tí yóò lò, síbẹ̀ ó ní ẹni tí ó lè sọ fún un pé ó tó. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run ṣe olórí wọn, ni wọ́n ń yan ọba. Àwọn kan náà ni wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Bí ìwà ọba bá ti kọjá ohun tí ìlú lè fara mọ́, wọn a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọba tí ó bá rí i kò tún ní béèrè ìtumọ̀. Ikú ni ó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Aláàfin Aólẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Kí a má sì rò pé ètò náà kò ní àbùkù. Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí ní ìlòkulò. Ó ju ọba kan lọ tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kú, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹni tí ń gbé igbá fún ọba pẹ̀lú nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Síbẹ̀ ohun kan dájú: nínú àṣà tí wọ́n ń tọ́ka sí yìí, igbá kò sí lọ́wọ́ ọba. Ẹni tí ó bá mú gígùn ìjókòó nínú àṣà, tí ó sì fi Ọ̀yọ́ Mèsì sílẹ̀, kò tẹ̀ lé àṣà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Tógò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, àwọn ọmọ ogun pa ààrẹ àkọ́kọ́, Sylvanus Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá. Ní àyájọ́ ọjọ́ náà ní 1967, ológun lé Nicolas Grunitzky tí ó rọ́pò rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹrin, Gnassingbé Eyadéma ti di ààrẹ. Ó lò tó ọdún 38. Ìwé òfin ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò gbà ní 1992 sọ pé sáà méjì ọlọ́dún márùn-ún ni ààrẹ lè lò. Ní òpin ọdún 2002, tí ó ku díẹ̀ kí sáà kejì Eyadéma lábẹ́ òfin yìí parí, àwọn aṣòfin yọ ìlà náà kúrò, ó sì tún wọlé ní 2003.

Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2005. Olórí ilé aṣòfin ni òfin sọ pé kí ó dele. Ẹni náà wà lẹ́yìn odi. Ológun ti ẹnu ààlà pa, ọkọ̀ òfurufú tí ó ń gbé e bọ̀ sì lọ balẹ̀ sí Kútọnu, ní Bẹ̀nẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ológun fi Faure Gnassingbé, ọmọ olóògbé, jẹ ààrẹ. Àjọ ECOWAS àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, tí Ọbásanjọ́ ṣe alága rẹ̀ nígbà náà, fárí gá, Faure sì fi ipò sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ó padà nípa ìbò oṣù kẹrin, ìbò tí rògbòdìyàn rẹ̀ mú ẹ̀mí lọ: ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè ṣírò àwọn tí ó kú sí 400 sí 500. Ní 2024 àwọn aṣòfin tún pa ìwé òfin dà. Ipò ààrẹ di ti àyẹ́sí. Agbára bọ́ sọ́wọ́ olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, ẹni tí òfin kò fi òdiwọ̀n sí iye sáà rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Faure ni ó búra fún ipò náà.

Bẹ̀nẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa ju Tógò lọ. Ká tilẹ̀ ní ó burú jù. Láti 1963 sí 1972, ológun dìtẹ̀ gbàjọba níbẹ̀ kò dín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mathieu Kérékou ni ó ṣe èyí tí ó gbẹ̀yìn, ní oṣù kẹwàá ọdún 1972. Òun ni ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Nígbà tí ó di 1989, àpò ìjọba ti gbẹ, owó oṣù kò wọlé mọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Kérékou gbà kí a pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè sí Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, lábẹ́ àkóso Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza. Àpérò náà kéde pé ọ̀rọ̀ òun ni abẹ gé. Ọ̀gágun tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ gbọ́, ó sì gbà.

Ìwé òfin tí ó ti ibẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1990 fún ààrẹ ní ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó sì ní ẹni tí yóò du ipò náà kò gbọdọ̀ ju ẹni ọdún 70 lọ. Ní 1991 Nicéphore Soglo fi ìbò borí Kérékou. Ní 1996 Kérékou fi ìbò borí Soglo. Nígbà tí ó di 2006, òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Kérékou gbé ìjọba fún Boni Yayi, ó sì lọ sílé. Ní 2011 ilé ẹjọ́ tí ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ dájọ́ pé a kò lè fi ìbò gbogbogbòò yí òdiwọ̀n sáà padà. Yayi lo ọdún mẹ́wàá, ó lọ ní 2016. Patrice Talon bọ́ síbẹ̀.

N kò sọ pé Bẹ̀nẹ̀ ti dé èbúté ayọ̀. Ní ìbò 2021 wọn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ alátakò Talon díje. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 àwọn aṣòfin sọ sáà ọlọ́dún márùn-ún di ọlọ́dún méje, oṣù tí ó tẹ̀ lé e sì ni àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gbàjọba, tí kò bọ́ sí i fún wọn. Síbẹ̀ sáà méjì kò di mẹ́ta. Orúkọ Talon kò sí nínú ìwé ìbò ọdún 2026.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí. Àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ kò ní ìwà pẹ̀lẹ́ ju àwọn ènìyàn Tógò lọ, Kérékou kò sì yàtọ̀ sí Eyadéma ní 1972: ìbọn ni ó gbé àwọn méjèèjì wọlé. Ní 1990, igbá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Kútọnu. Àpérò gbà á, ó fi lé òfin lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ sì ń ṣọ́ ọ. Ní Lomé, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbé igbá fún olórí, ológun àti aṣòfin, ni wọ́n ń bá a gbé e pamọ́.

Bí ìjọba bá gbé ọba sínú ẹnu wa, èdè kan náà fún wa ní sáà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé sáà ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìwọlé, ó sì ní ọjọ́ tí a ó ti ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí n kò fi í ka iye ọdún tí olórí kan ti lò nìkan. Mo máa ń béèrè ta ni ó lè sọ fún un pé sáà ti parí, àti bóyá yóò gbọ́.